Ẹ Yé Mú Ọ̀mùtí Búra

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú èèyàn wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: "Nọ́ọ̀sì, ó ti búra, síbẹ̀ ó tún ń mu." Àwọn méjì fi Bíbélì búra, ẹnì kan fi ẹnu kan irin. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń jókòó ti àwọn tí ọtí ń dà láàmú, n kò sì tíì rí ẹni tí ìbúra gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí mo máa ń rí ni ẹni tó mu lẹ́yìn ìbúra, tí ẹ̀rù Ògún wá ń bà á, tó sì tún mu sí i kí ẹ̀rù náà lè kúrò lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń ṣiṣẹ́ tiwa, àmọ́ kì í ṣe ìwàásù. William Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ kọ nípa ọ̀nà tí mò ń lò jù lọ, lọ́dún 1983. Ẹni tó ń mutí ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ jáwọ́, kì í ṣe èmi. Bí mo bá sọ fún awakọ̀ pé ọtí yóò pa á, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn bàbá tó mu ògógóró dé ọgọ́rin ọdún fún mi. Bí mo bá bi í pé kí ni ọtí ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì pa ẹnu mọ́, òun gan-an ni yóò sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kì í sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Pípa ẹnu mọ́ yẹn, iṣẹ́ ni. A kọ́ ọ ni.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáwọ́, irú Alcoholics Anonymous tó bẹ̀rẹ̀ ní Akron lọ́dún 1935, dára gan-an. Bó bá wà nítòsí yín, ẹ lọ.

Ohun tí n kò ní yé sọ ni wákàtí. Gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi ló ń gba ìwé eléwé ogójì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni yóò fi máa kọ ọ́: aago mélòó ni ọtí ń wù ú, níbo, ta ló wà níbẹ̀, èló ló wà lápò rẹ̀, ṣé ó ti jẹun, ta ló bí i nínú. Mẹkáníìkì kan gbà pé gbogbo ìgbà ni òun ń mu. Ìwé rẹ̀ sọ nǹkan míì: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí owó iṣẹ́ bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, tí ebi ń pa á, tó sì gbọ́dọ̀ gba iwájú ìyá oníparaga kọjá ní gáréèjì. A ní kó máa jẹ ẹ̀bà kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni àwọn oníbàárà ń sanwó sí báyìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ló sì ń gbà relé. Bí òǹgbẹ náà bá tún dé, kó wo aago: ó máa ń ru, ó sì máa ń rọlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ṣì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ìwé náà wá, a wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀, a tún un ṣe. Ẹ̀yin aya, ẹ má bá ọkọ yín jà nígbà tó bá ti yó. Ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá dá ni kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ilé dùn fún un lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ń da àgúnmu sínú ọbẹ̀ ọkọ wọn kó lè kórìíra ọtí, ta ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín? Ẹ sì jẹ́ ká fi "ayé ló ń ṣe é" sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, tí àwọn èèyàn ń kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, òrìṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol, irú ọtí olóró tí kì í ṣe mímu, tó wà nínú ògógóró ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni títi ọ̀mùtí mọ́lé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu, ẹ má gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ọpọlọ tí ọtí ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́ yóò ta kìjí. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìdínláàádọ́ta. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, iyè rẹ̀ lè rá. Dókítà àti oògùn ló kọ́kọ́ kàn níbẹ̀. Èmi tí mò ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wòsàn ló ń sọ ọ́.

Wọ́n gbé káfíńtà kan wá bá wa láti ilé àdúrà. Ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n fi lé e lórí, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá. Ara rẹ̀ gbọ̀n lóru àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń jáde. Gìrì mú un lọ́jọ́ kejì, wọ́n pariwo halelúyà. Lọ́jọ́ kẹta ó ń bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, ó ń ṣa èèrà tí ẹnikẹ́ni kò rí lára ògiri, wọ́n bá nà án. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó gbé e dé. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.

Ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn ti jẹ́ kó máa mu ún títí àwọn ó fi gbé e wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.