Bight of Benin àti Abẹ́òkúta

Bight of Benin ni apá òkun Àtìláńtíìkì tó tẹ̀ wọnú ilẹ̀ láti Cape St. Paul ní Gánà títí dé ẹnu odò Nun, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tí odò Ọya fi ń wọ òkun. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 640 kìlómítà. Ara rẹ̀ ni Dàhómì ti mú orúkọ tuntun, Benin, ní 1975. Abẹ́òkúta kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n inú ọ̀sà Èkó ni odò Ògùn ń ṣàn lọ, ọ̀ràn orí omi yìí kò sì yọ Ẹ̀gbá sílẹ̀ rí.

Etí òkun náà tẹ́jú, iyanrìn ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ìgbì ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìdẹwọ́. Iyanrìn yìí ló sé omi mọ́ ẹ̀yìn etíkun tó fi di ọ̀sà, òun náà ló sì gbá jọ sábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀nà Èkó tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ odi wọnú òkun kí ọ̀nà lè jìn. Ó jìn lóòótọ́, àmọ́ iyanrìn tí odi náà dá dúró kò dé Victoria Island mọ́, òkun sì jẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sí òkèèrè. Láti 1808 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 1822, HMS Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn ará Potogí kan tó kó ẹrú ní Èkó. Ọmọdékùnrin Òṣogùn kan, Àjàyí, wà nínú rẹ̀. Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n kó wọn lọ, níbi tí Àjàyí ti di Samuel Crowther. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ báyìí ló padà wálé lẹ́yìn náà, Sàró sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, 1851, Dàhómì gbógun ti Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ọdún yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, níbi tí Kòsọ́kọ́ ti gba oyè ọba lọ́wọ́ Akítóyè ní 1845. Ti ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá kò yọrí sí rere. Wọ́n tún padà wá láti ọjọ́ 26 sí 28 oṣù kejìlá. Penelope, ọ̀kan nínú ọkọ̀ ogun wọn, tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ọkọ̀ Bloodhound àti Teazer ló wọlé, Teazer sì há mọ́lẹ̀ níbi tí ìbọn ti ń dún. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akítóyè sì fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní, 1852. Òwò ẹrú ni Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn tìtorí rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n epo pupa àti òwú Abẹ́òkúta tó ń wá ọ̀nà òkun kò kéré nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìrẹ́pọ̀ Ẹ̀gbá àti Gẹ̀ẹ́sì kò pẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1861, tí HMS Prometheus ti gúnlẹ̀ sí Èkó, Dòsùnmú ọba Èkó fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1865 àwọn ọmọ ogun Èkó lé Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú, ní 1867 sì ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Ọkọ̀ àjẹ̀ ṣì ń gba odò Ògùn lọ sókè sódò nígbà òjò, títí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 fi gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901.