Judith Anderson

Judith Anderson (10 Oṣù Kejì ọdún 1897 – 3 Oṣù Kìíní ọdún 1992) jẹ́ òṣèrébìnrin orí ìtàgé, sinimá àti tẹlifíṣọ̀n, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ọsirélíà tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Orí ìtàgé ló ti di àgbà ọ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣe Medea àti Lady Macbeth, ipa méjì tó mú kí wọ́n kà á mọ́ àwọn òṣèré ńlá ìgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàgé kì í bá òṣèré tọ́jú iṣẹ́ pamọ́. Bí wọ́n bá ti fa aṣọ ìtàgé wálẹ̀ lálẹ́, ti ọjọ́ náà ti parí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Ìyáàfin Danvers, olórí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú fíìmù Rebecca ti ọdún 1940, ni ọ̀pọ̀ èèyàn lóde òní fi mọ̀ ọ́n.

Láti Adelaide dé New York

Ìlú Adelaide ní gúúsù Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí. Frances Margaret Anderson-Anderson ni wọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe àṣìkọ o, ẹ̀ẹ̀mejì ni Anderson wà nínú orúkọ náà. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Láti kékeré ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń lo ohùn níwájú èrò. Ní ọdún 1915, nígbà tó di ọmọ ọdún 18, ó kọ́kọ́ fi eré ṣe iṣẹ́ ní Theatre Royal ní ìlú Sydney, nínú eré A Royal Divorce. Julius Knight, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Scotland tí àwọn ará Ọsirélíà fẹ́ràn gan-an nígbà náà, ni aṣáájú agbo eré ọ̀hún. Nígbà tí Anderson dàgbà, ó máa ń sọ pé ọwọ́ Knight lòun ti kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ òun.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kan wà lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n sì gbà á níyànjú pé kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Ó gbọ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí California ní ọdún 1918. Hollywood kò fún un ní nǹkan kan. Ó bá kọjá sí New York, níbi tó ti ń bá àwọn agbo eré kéékèèké ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mélòó kan. Ọdún 1922 ló tó dé Broadway, àdúgbò tí àwọn gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá wà ní ìlú náà. Orúkọ Frances ló ṣì ń jẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló sọ ara rẹ̀ di Judith. Eré Cobra ti ọdún 1924 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Nígbà tó padà sí Ọsirélíà fún ìrìn-àjò eré ní ọdún 1927, Cobra wà lára ohun tó gbé lọ fún wọn.

Ó lẹ́bùn kan tí kò wọ́pọ̀: ó mọ bí a ṣe ń gba ipa tí ẹlòmíràn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Lynn Fontanne ló kọ́kọ́ ṣe Nina nínú Strange Interlude, eré Eugene O'Neill, òǹkọ̀wé eré ọmọ Amẹ́ríkà, tó gùn débi pé wọ́n máa ń dá a dúró láàárín kí àwọn òǹwòran lè lọ jẹun alẹ́. Nígbà tí Fontanne kúrò, Anderson ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1932 ló tún gba ipa Lavinia nínú Mourning Becomes Electra, eré O'Neill mìíràn, lẹ́yìn Alice Brady.

Shakespeare

Ní ọdún 1936, Anderson ṣe ayaba Gertrude, ìyá Hamlet, nígbà tí John Gielgud ṣe Hamlet nínú eré William Shakespeare, òǹkọ̀wé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní New York. Ọdún kejì rẹ̀ ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá Laurence Olivier ṣe Macbeth, eré Shakespeare mìíràn, ní gbọ̀ngàn ìṣeré Old Vic. Àwọn òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé èèwọ̀ kan rọ̀ mọ́ eré yìí, wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìṣeré. Ti ọdún náà kò sì ṣèrànwọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ já wọn nírọ́: wọ́n ní láti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú, ọ̀sẹ̀ náà gan-an sì ni Lilian Baylis, obìnrin tó ń ṣàkóso Old Vic, kú.

Anderson kò tìtorí ìyẹn jáwọ́ nínú Lady Macbeth, ìyàwó Macbeth nínú eré náà. Ó tún un ṣe ní New York ní ọdún 1941 pẹ̀lú Maurice Evans, àwọn méjèèjì sì tún gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ti ọdún 1954, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni àwọn èèyàn ń wò ó nílé. Ti ọdún 1960, ilẹ̀ Scotland níbi tí ìtàn náà ti wáyé ni wọ́n lọ yà á sí. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy, ti eré tẹlifíṣọ̀n, fún ti àkọ́kọ́, ó tún gbà á fún ìkejì.

Rebecca

Alfred Hitchcock ló darí fíìmù yìí. Ọkùnrin ọlọ́lá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú mú ìyàwó tuntun wọ ilé ńlá rẹ̀, Manderley. Danvers tó ń bójú tó ilé náà kò gbà pé Rebecca, ìyáálé tó kú, ti lọ. Ó ń tún yàrá rẹ̀ ṣe bíi pé yóò wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fi aṣọ rẹ̀ han ìyàwó tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rọ̀ ọ́ létí fèrèsé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, pé kó kúkú bẹ́ sílẹ̀ kó kú. Kò pariwo, kò sì fọwọ́ kàn án. Hitchcock sọ fún François Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun kì í sábà jẹ́ kí a rí Danvers níbi tó ti ń rìn: ìyàwó yóò kàn yíjú, yóò bá a níbi tó dúró sí. Ọgbọ́n olùdarí nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ojú àti ohùn tó gbé ọgbọ́n náà ró, ti Anderson ni.

Rebecca gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ. Wọ́n yan Anderson fún ti òṣèrébìnrin tó ṣe ipa àtìlẹ́yìn, ṣùgbọ́n Jane Darwell ló mú un lọ. Wọn kò sì tún yàn án fún Oscar mọ́ títí ayé rẹ̀. Nígbà tí American Film Institute to àwọn òǹrorò inú fíìmù Amẹ́ríkà lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 2003, ipò 31 ni Danvers wà.

Láti ìgbà náà, obìnrin ọlọ́kàn líle ni Hollywood sábà ń wá a fún. Ó wà nínú Laura (1944) àti The Furies (1950). Ẹni tó bá ti wo The Ten Commandments ti ọdún 1956 ti rí òun náà: òun ni Memnet, arúgbó ọmọ ọ̀dọ̀ ààfin tó mọ àṣírí ibi tí wọ́n ti rí Mósè. Nínú Cat on a Hot Tin Roof (1958), wọ́n jẹ́ kó ṣe ìyá ọlọ́mọ tó ń wá ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ lójú méjèèjì, ó sì ṣe é dáadáa.

Medea

Iṣẹ́ tó ga jù lọ nínú ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní National Theatre ní New York ní 20 Oṣù Kẹwàá ọdún 1947. Eré Euripides ará Gíríìsì àtijọ́ ni: Medea fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ torí Jason, ó bímọ fún un, Jason wá fẹ́ já a sílẹ̀ kó lè fẹ́ ọmọ ọba. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Medea fi pa àwọn ọmọ náà kí ọkàn bàbá wọn lè bà jẹ́. Robinson Jeffers, akéwì tó ń gbé ní California, ló tún eré náà kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Judith Anderson lòun kọ ọ́ fún. Gielgud ló darí rẹ̀, òun náà ló sì ṣe Jason.

Ipa tó lè tètè di igbe àti ariwo lásán ni. Ẹ̀san wà nínú rẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, àánú àwọn ọmọ náà sì wà, obìnrin kan ṣoṣo ló ní láti gbé gbogbo rẹ̀ ru ní alaalẹ́. Ìgbà 214 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ Tony, ti eré orí ìtàgé, ní ọdún 1948, obìnrin mẹ́ta ló pín ti òṣèrébìnrin tó dára jù lọ: Anderson, Katharine Cornell àti Jessica Tandy. Ó gbé Medea lọ sí Berlin ní ọdún 1951, ó sì gbé e lọ sílé, sí Ọsirélíà, ní ọdún 1955, lábẹ́ Australian Elizabethan Theatre Trust tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú.

Ọjọ́ alẹ́

Ní ọdún 1960 ni wọ́n fi í jẹ oyè Dame, oyè ọlá fún obìnrin, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ó ṣe Hamlet, kì í ṣe ìyá Hamlet, ní ẹni ọdún 73. Obìnrin ti ṣe ipa náà rí, Sarah Bernhardt ti ilẹ̀ Faransé ṣe é ní ọdún 1899. Ọjọ́ orí Anderson ló fa kàyéfì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Hamlet. Ó gbé e rin ìrìn-àjò káàkiri Amẹ́ríkà títí dé Carnegie Hall ní New York. Àwọn alárìíwísí kò yìn ín.

Ọdún 1982 ni Medea padà sí Broadway. Ọmọ Ọsirélíà mìíràn, Zoe Caldwell tí wọ́n bí sí Melbourne, ló ṣe Medea lọ́tẹ̀ yìí, ó sì fi gba Tony. Anderson, tó ti di ẹni ọdún 85, wà lórí ìtàgé kan náà: òun ló ṣe àgbà obìnrin tó tọ́ Medea dàgbà, tó ń wo ibi tó ń bọ̀ tí kò sì lè dá a dúró. Wọ́n yan òun náà fún Tony.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn tí wọn kò mọ Euripides rárá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ó ṣe olórí àlùfáà nínú fíìmù Star Trek kẹta, ó sì wọ eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Santa Barbara, ó ṣe ìyá àgbà olówó tó ń jẹ́ Minx Lockridge. Ìlú tí wọ́n fi sọ eré náà lórúkọ, ní California, ni ilé rẹ̀ wà. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1991, Ọsirélíà fi oyè Companion of the Order of Australia dá a lọ́lá. Santa Barbara náà ló kú sí ní Oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ku bí oṣù kan kó pé ẹni ọdún 95.