Kúdẹ̀tì ni ìtàn àròsọ onígbàgbọ́ ti wọ èdè Yorùbá

Ẹni tó bá ń wá orísun ìtàn àròsọ onígbàgbọ́ lédè wa, Èkó ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un: Sẹ̀gilọlá, tí Isaac B. Thomas ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Ìtàn náà dùn, obìnrin tó ń sọ ọ́ sì ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n kí Sẹ̀gilọlá tó dé, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìtàn àròsọ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn.

Ní 1853 ni David Hinderer, ará Jámánì tí CMS, ẹgbẹ́ ajíyìnrere Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán wá, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi Kúdẹ̀tì ṣe ilé. Ogun Ìjàyè bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà etíkun dí, owó ẹyọ sì di ọ̀wọ́n lọ́wọ́ tọkọtìyàwó náà. Ogun parí ní 1865. Ní 1866 gan-an ni Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ jáde, ìyẹn The Pilgrim's Progress, ìwé John Bunyan ti 1678 tí Hinderer túmọ̀. Ta ni yóò sọ pé èyí ṣèèṣì? Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ ló ń túmọ̀ ìwé ẹni tó ń rìn. Bunyan pàápàá, ẹ̀wọ̀n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, èrò. Wọn ò pè é ní arìnrìn-àjò. Arìnrìn-àjò lè dá rìn, ṣùgbọ́n èrò máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn ni, ẹrù lórí, wọ́n á sì sanwó fún oníbodè kí wọ́n tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ará Ìbàdàn ayé ogun kò fi ní béèrè ohun tí ẹnubodè ń wá nínú ìwé ìgbàgbọ́. Títí dòní, èrò ọkọ̀ la ń pe ẹni tó wọ dáńfó.

Ní ti àròsọ tó gbé ìtàn ìgbà àtijọ́ dání gan-an, Isaac Delano ló ni ín, ọmọ Òkènlá, abúlé àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́. A ò lè bá wọn du ìyẹn. Aiye d'Aiye Oyinbo jáde ní 1955, L'ọjọ Ọjọ Un tẹ̀ lé e ní 1963. Nínú ti àkọ́kọ́, obìnrin ló ń ròyìn bí òyìnbó ṣe dé.

Ibi tí àwọn tó ń wá àwọn ìwé wọ̀nyí ti ń ṣìnà ni àkọtọ́. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, aiye, enia àti nwọn ni wọ́n ń kọ. Bí ẹ bá tẹ ayé sínú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, ó lè ní kò sí. Ẹ fi aiye wá a, ẹ yọ àmì orí àti tìsàlẹ̀ kúrò. Ti Hinderer, ẹ kọ́kọ́ wò ó lábẹ́ Bunyan. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi Ilosiwaju nìkan wá a, nítorí àwọn kan so ero-mimo pọ̀, àwọn mìíràn yà á. Àmì tó wà nínú d'Aiye náà ń da kọ̀ǹpútà láàmú: Delano àti oyinbo ti tó.