Ìwé lábò ní ẹ̀dọ̀ ẹ dáa, ìyẹn ò ní kí AVC má ṣe ẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gba Àjàṣẹ́ kan báyìí, ó ti dé Kétu, ó ti dé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àgbo lọ́jà, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Wọ́n ní tí ẹ̀dọ̀ bá ti mọ́, rọpárọsẹ̀, ìyẹn AVC, ò lè ṣèèyàn. Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń fi àgbo kíkorò fọ ẹ̀dọ̀, èyí tí wọ́n fi ọtí sódábì rẹ, wọ́n á mu ún títí, wọ́n á wá lọ sí lábò lọ gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bá ti rí i pé ASAT àti ALAT, nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ń wo ẹ̀dọ̀, ò kọjá ààlà, ó parí nìyẹn, wọ́n á ká ìwé náà sápò, wọ́n á pa oògùn tánsíọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, tì torí wọ́n ní oògùn òyìnbó ló ń dọ̀tí ẹ̀dọ̀. Oògùn tí wọ́n ń pa tì yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Iṣẹ́ lábò ni mò ń ṣe, ojú mi sì ń rí i. Bàbá kan wá gba èsì ẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹni 60 ọdún, ara ẹ̀ le, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka tọ ìlà ALAT, ó ní, “Ọmọ mi, 25 rè é, ṣé kò dáa ni?” Mo ní ó dáa, Bàbá. Ó ní òun ti mọ̀, pé àgbo yẹn jẹ́. Mo bi í pé tánsíọ̀n yín ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi oògùn ẹ̀ sílẹ̀ látìgbà Iléyá. A bẹ̀ ẹ́ kó jókòó ná, nọ́ọ̀sì wọn ọ́n, ó jẹ́ 178 lórí 104. Ẹni tó ń yọ̀ nítorí ìwé ẹ̀dọ̀ nìyẹn o, tánsíọ̀n tó lè fa iṣan ya nínú ọpọlọ sì wà lára ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ASAT àti ALAT ń sọ fún wa. Inú ẹran ẹ̀dọ̀ gan-an làwọn nǹkan méjèèjì yìí ń gbé, ibẹ̀ sì niṣẹ́ wọn wà, tí ẹ̀dọ̀ bá ń bà jẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, táwa á wá kà wọ́n. Ìbàjẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi hàn, wọn kì í sọ ti èyí tó ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oko dáadáa ní Kétu, ẹ mọ̀ pé oko tó ti jó tán kì í rú èéfín mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀dọ̀ tó ti di àpá, ó lè jẹ́ pé ALAT ẹ̀ á wà ní 25, 30, kò ní ga rárá, lábò á kọ ohun tí wọ́n rí, wọn ò sì parọ́.

ASAT tiẹ̀ tún wà nínú iṣan ara àti nínú ọkàn, ẹni tó bá kọ ebè látàárọ̀ dalẹ́ tàbí tó gba abẹ́rẹ́ sídìí lè rí i kó ga díẹ̀ lọ́la ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà ẹ̀dọ̀ míì tí wọ́n ń pè ní gamma GT ńkọ́, ọtí ń gbé e sókè, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ń gbé e sókè, àtọ̀gbẹ ń gbé e sókè, oògùn wárápá bíi phénobarbital náà ń gbé e sókè. Àwọn oníwàdìí ti rí i pé àwọn tí gamma GT wọn ga, rọpárọsẹ̀ máa ń ṣe wọ́n ju àwọn tí tiwọn wálẹ̀ lọ. Àmọ́ gamma GT kọ́ ló ń dí iṣan ọpọlọ o, ọtí yẹn, ọ̀rá yẹn, ṣúgà yẹn ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé bàbá yẹn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. ASAT 38, ALAT 25, plakẹ́ẹ̀tì (àwọn ègé inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì) 160, gbogbo ẹ̀ nọ́màlù, tẹ́ ẹ bá kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń wá àpá nínú ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń pè ní FIB-4, wọ́n gbé e jáde ní 2006, àwọn tó ní HIV pẹ̀lú mẹ́dọ̀wú C (hépatite C) ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún kí wọ́n tó rí i pé ó wúlò fún ẹlòmíì. Ẹ ó fi ọjọ́ orí ṣe ìsọdipúpọ̀ ASAT, 60 lọ́nà 38, ìyẹn 2280. Ẹ ó wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi lọ́nà ara ẹ̀ á fún yín ní ALAT, ti 25 jẹ́ 5, ẹ ó fi plakẹ́ẹ̀tì lọ́nà 5 yẹn, ó di 800. Ẹ pín 2280 sí 800, ó fún wa ní 2,85. Ẹni tó bá wà lábẹ́ 1,3, àyà ò gbọdọ̀ já a, ẹni tó bá kọjá 2,67, ó yẹ kí dókítà wá ẹ̀dọ̀ yẹn wò dáadáa nítorí àpá. Tẹ́nìkan bá ti lé ní 65, 2 ni wọ́n ń lò dípò 1,3, torí ọjọ́ orí fúnra ẹ̀ ń gbé nọ́ńbà yẹn lọ sókè.

Ẹ má tún sáré o. Ibà ẹ̀fọn máa ń já plakẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, ibà sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí lọ́sẹ̀ tí ibà gbé e dè, FIB-4 ẹ̀ lè ga lásán. Kára yá tán ná kẹ́ ẹ tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì gbé e fún dókítà, ó ṣeé ṣe kó ní kẹ́ ẹ ya ẹkógiráfì, á ní kẹ́ ẹ wo antigène HBs pẹ̀lú, èyí tó ń fi mẹ́dọ̀wú B hàn, torí ìgbàgbọ́ òdì míì ni pé ọtí nìkan ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mo rí àwọn ìyá wa tí sódábì ò kan ètè wọn rí, mẹ́dọ̀wú B ti wà lára wọn láti kékeré wọn ò mọ̀. Òmíì sì jẹ́ ọ̀rá, ikùn ńlá àti ṣúgà ló kó o wá.

Kí ló wá kan ọpọlọ níbẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tí a bá fara gbọgbẹ́, òun náà ló sì ń ṣe àwọn tí kì í jẹ́ kó dì jù. Tó bá ti di àpá, méjèèjì ló ń dínkù, plakẹ́ẹ̀tì náà á máa lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà níbi tí kò yẹ, ó sì lè dì níbi tí kò yẹ. TP tó wà lórí ìwé lábò yín, èyí tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì sí, tó bá ti wà lábẹ́ 70 nínú 100, ẹ bi dókítà nípa ẹ̀. Ní 2017 àwọn oníwàdìí kan ní Amẹ́ríkà wo ìwé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, wọ́n rí i pé rọpárọsẹ̀ pọ̀ lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti di àpá, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ sì ló hàn jù. Nínú UK Biobank, ìwádìí ìlera ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn láàárín 2006 sí 2010 náà, àwọn tí FIB-4 wọn ga ni rọpárọsẹ̀ ṣe jù.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, tánsíọ̀n ṣì ni ọ̀gá wọn. Ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣaájú ẹ̀, tó jáde ní 2018, wọ́n fi àwọn tó lé ní 2000 tí rọpárọsẹ̀ ṣe wé àwọn tí kò ṣe, wọ́n ní tí kì í bá ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nǹkan bí 9 nínú 10 ni ì bá má ṣẹlẹ̀. Àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tútù náà, ó ṣe wọ́n jù. Aládùúgbò wa ni wọ́n, oúnjẹ wa ò jìnnà síra, ìyẹn ni mo ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Àgbo tí wọ́n fi sódábì rẹ yẹn ńkọ́? Ọtí ni. Ọtí ń gbé tánsíọ̀n sókè, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èmi ò bá ewé jà o, àwọn ìyá wa ló fi tọ́ wa dàgbà, ṣùgbọ́n egbòogi kan wà tó ń ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe fúnra ẹ̀, ẹni tó ń tà á kì í sì í sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò. Ẹ̀dọ̀ kì í dọ̀tí ká máa fọ̀ ọ́, òun ló ń bá wa fọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn tánsíọ̀n tí ẹ ń sá fún yẹn, àwọn bí amlodipine, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó ṣe ẹ̀dọ̀ ní nǹkan kan.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, tí wọ́n fún ní oògùn statin fún ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Tí ALAT bá ga díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn ẹbí á máa pariwo pé ó ń pa ẹ̀dọ̀, ẹ má jù ú nù. Ìgbà tó bá kọjá ìlọ́po mẹ́ta ààlà tó wà lórí ìwé ni dókítà sábà máa ń ronú àtidá a dúró, ìyẹn tí ààlà bá jẹ́ 40, tó bá ti lé ní 120. Tí ẹyinjú bá sì di yẹ́lò bí ìyeyè, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú, ẹ ò ní dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ gbéra lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ pé láàárín 40 sí 120 ló wà, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lo oògùn yẹn lọ títí dókítà fúnra ẹ̀ á fi sọ pé kẹ́ ẹ dúró.