Ìwé ológun Amẹ́ríkà tí kò mọ́ àti ọ̀rọ̀ ibojì ìjọba

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ó sì máa ń bí mi nínú. Bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun níbẹ̀ rí bá kú, ẹnìkan á ti ní: “Ṣé ó jagun? Ṣé ó lo ogún ọdún? Ṣé ìwé rẹ̀ mọ́? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba ò ní fún wa ní ibojì ọ̀fẹ́.” Wọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ibojì tí wọn ì bá máà dá.

Mi ò ní pẹ́ lórí ogun jíjà àti ogún ọdún, torí òfin ò béèrè wọn. Ọmọ ogun tó wọṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980 ní láti lo oṣù 24 gbáko, tàbí gbogbo àkókò tí wọ́n pè é fún. Ti ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àìlera tó bá a lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́.

Ti ìwé tí kò mọ́ yìí ló le. Ìwé tí ológun ń gbà bó bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni DD 214. Ẹ wo àpótí 24 nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ irú ìtúsílẹ̀ tí wọ́n fún un sí. Bí ẹ bá rí “Honorable” (ìtúsílẹ̀ pẹ̀lú ọlá) tàbí “General” níbẹ̀, kò séwu. Bó bá jẹ́ “Under Other Than Honorable Conditions,” ìyẹn ìtúsílẹ̀ tí kì í ṣe pẹ̀lú ọlá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ká ìwé náà padà sínú àpamọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin wí ni pé kí ìtúsílẹ̀ ẹni náà jẹ́ “other than dishonorable,” ìyẹn irú tó yàtọ̀ sí ti àbùkù. Ẹ tún un kà. “Dis” tó wà níwájú ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Kóòtù ológun tó ga jù nìkan ló lè fún ọmọ ogun ní “Dishonorable.” Ní ti “Other Than Honorable,” ọ̀gá lè buwọ́ lù ú láìdé kóòtù kankan. Bẹ́ ẹ bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, VA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ológun àtijọ́, á yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ wò kí wọ́n tó dáhùn.

Mi ò sọ pé wọ́n á gbà o. Ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ 180 léraléra tí kò sì ní ìdí gúnmọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹbí kọ́ ló yẹ kó dá ẹjọ́ náà.

Ẹ tún wo irú ẹ̀dà DD 214 tó wà lọ́wọ́ yín. Member-1 kì í fi irú ìtúsílẹ̀ hàn rárá. Member-4 ló ń fi hàn. Bí fáìlì bàbá bá sì wà lára mílíọ̀nù 16 sí 18 tó jóná níbi tí ìjọba ń kó fáìlì àwọn ológun sí ní St. Louis ní oṣù keje ọdún 1973, wọ́n ṣì lè fi àkọsílẹ̀ mìíràn wá a rí.

Ibojì, gbígbẹ́ àti bíbò rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ títí ayé, òkúta orí rẹ̀ àti àsíá: kò sí owó lórí wọn ní ibi ìsìnkú VA. Aya tàbí ọkọ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ibojì níbẹ̀, kódà bó bá ṣáájú ológun náà kú. Pósí, owó ilé ìgbókùúsí àti gbígbé òkú, lọ́pọ̀ ìgbà ẹbí ló ń san án. Arlington, ibi ìsìnkú ológun mìíràn, ní tiẹ̀ wà lábẹ́ Army (ọmọ ogun orí ilẹ̀), òfin rẹ̀ sì le ju ti VA lọ, nítorí náà bí wọ́n bá kọ̀ yín níbẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ pa ibòmíì tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun máa bá yín gba DD 214. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fẹ́ ni fún ológun fúnra rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Láti ìparí ọdún 2016, ológun lè fi fọ́ọ̀mù 40-10007 béèrè lọ́wọ́ VA nígbà tó ṣì wà láàyè bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́. Bí àpótí 24 bàbá yín ò bá dára, ẹ jẹ́ kó kọ fọ́ọ̀mù náà nísinsìnyí, nígbà tó ṣì lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.