Ìrora àpò ìtọ̀ tí ò lọ lára obìnrin: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìtọ́jú tó bá a mu?

Obìnrin á máa sáré lọ tọ̀ lọ́sàn-án lóru, bí ìtọ̀ bá ṣe ń kún ni abẹ́ ìdodo á máa dùn ún, tó bá tọ̀ tán á rọlẹ̀ díẹ̀, kò ní pẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀, wọn ò ní rí kòkòrò kankan. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 6 tí wọn ò sì rí nǹkan míì tó fà á, interstitial cystitis làwọn dókítà ń pè é, àwọn míì ń pè é ní bladder pain syndrome.

Ohun tó ń dunni ni pé antibáyótíìkì ni wọ́n sáábà máa ń kọ́kọ́ fún wọn, tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á tún kọ òmíì, bẹ́ẹ̀ kò sí kòkòrò tó fẹ́ pa ńbẹ̀.

Kẹ́ni tó máa fi oògùn kan wé òmíì, ibi tí ìrora yẹn ti ń wá ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, torí kì í ṣe ibì kan náà fún gbogbo wọn. Ti àwọn kan, iṣan ìsàlẹ̀ ìdí ló ti le gbagidi, tí dókítà bá ti ojú ara fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ló máa dùn ún. Fisiotẹ́rápì ló tọ́ sírú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa fọwọ́ tú àwọn iṣan náà. Wọ́n dán an wò lára obìnrin 81, èsì ẹ̀ jáde ní 2012: 59% nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló ní ara àwọn yá sí i, àwọn tí wọ́n kàn fọwọ́ ra lára lásán ò ju 26% lọ. Àmọ́ o, eré ìdárayá Kegel, ìyẹn kéèyàn máa fún iṣan ìsàlẹ̀ ìdí pọ̀ léraléra, ò yẹ irú wọn rárá, ńṣe ló máa ń dá kún un.

Ti àwọn míì, egbò ló wà nínú àpò ìtọ̀ fúnra ẹ̀. Guy Hunner kọ nípa ẹ̀ ní 1915, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ ẹ̀ pè é. Kámẹ́rà tín-ín-rín ni wọ́n ń kì bọ ojú ihò ìtọ̀ láti rí i, wọ́n á wá jó o tàbí kí wọ́n gún triamcinolone, oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, sí i. Ìrora máa ń lọlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n egbò náà lè padà wá, wọ́n á tún un ṣe.

Tó bá wá kan oògùn, amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó tún ń dín ìrora kù, ni wọ́n ń lò jù, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí 10 mg wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó ń múni sùn, ó sì ń jẹ́ kí ẹnu gbẹ, ọ̀pọ̀ sì ń torí ẹ̀ pa á tì, bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, àwọn tó lè lò ó dé 50 mg ló rí èrè ẹ̀ jù. Pentosan, oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì, ńkọ́? FDA, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 1996, ó lè gba oṣù 3 sí 6 kó tó ṣiṣẹ́, ó sì lè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ fún ẹni tó bá lò ó pẹ́, torí náà ó pọn dandan kí dókítà ojú máa yẹ̀ ẹ́ wò. DMSO ní tiẹ̀, oògùn olómi ni, rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò ìtọ̀ ni wọ́n fi ń dà á sínú àpò ìtọ̀, á wà ńbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 kó tó tọ̀ ọ́ jáde, ẹnu ẹ̀ á sì máa rùn bí aáyù fúngbà díẹ̀.

Èwo ló wá dáa jù? Ní 2020 Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò pọ̀, kó ìwádìí 81 jọ tó jẹ́ ti èèyàn 4,674, ọ̀pọ̀ ìwádìí náà ló kéré, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn kan lé òmíì. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí wọ́n máa fi nǹkan kan kún ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá kó mẹ́ta pọ̀, wọn ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí oúnjẹ náà ṣe rí nìyẹn: kó yọ kọfí, ọtí, ọsàn àti ata kúrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wá máa dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan.

Botox náà wà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sára àpò ìtọ̀ kí iṣan ẹ̀ lè dẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti gbà pé ìtọ̀ lè má fẹ́ jáde fúngbà díẹ̀, tó fi jẹ́ pé rọ́bà lòun fúnra ẹ̀ á máa fi fà á.