Bí Odò Kékeré Ṣe Ń Tan Iná Abúlé

Nǹkan méjì ló ń pinnu iná tí odò lè mú jáde: bí omi ṣe pọ̀ tó, àti bí ibi tó ti ń já bọ́ ṣe ga tó. Bí 100 lítà omi bá ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ga ní 20 mítà, agbára inú rẹ̀ sún mọ́ 20 kílówáàtì. Ṣùgbọ́n páìpù á jẹ nínú rẹ̀, táábáìnì, ìyẹn ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tí omi ń yí, á jẹ, jẹnẹrétọ̀ náà á jẹ. Nǹkan bíi 10 sí 12 ló ń dé orí wáyà. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló yẹ kí wọ́n wọn omi. Ẹni tó bá wọn ọ́n nígbà òjò, ẹ̀rọ tó tóbi ju odò lọ ló máa rà.

Iṣẹ́ yìí kò nílò adágún. Ògiri kúkurú ni wọ́n ń kọ́ sínú odò láti darí apá kan omi sínú gọ́tà onísìmẹ́ńtì tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Gọ́tà á gbé e dé inú ọpọ́n onísìmẹ́ńtì tó fẹ̀, níbi tí eré omi ti ń dínkù kí yanrìn lè rọ̀ sísàlẹ̀. Láti ibẹ̀, omi á gba inú asẹ́ onírin wọ páìpù, á sọ̀ kalẹ̀ lọ yí táábáìnì, á sì padà sínú odò.

Asẹ́ yẹn ni wàhálà pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn òjò ńlá, ewé àti igi wẹ́wẹ́ lè dí i pa kíákíá. Omi inú ọpọ́n á fà, afẹ́fẹ́ á wọ páìpù, ohùn ẹ̀rọ á yí padà, gílóòbù inú ilé á sì máa ṣẹ́jú. Réèkì lásán ni oògùn rẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Yanrìn ní tirẹ̀ kì í pariwo: bí wọn ò bá ṣí ọpọ́n kó ṣàn dànù lóòrèkóòrè, á rọra máa họ abẹ̀bẹ̀ táábáìnì títí agbára á fi lọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í dín omi kù nígbà tí àwọn ará ilé bá pa iná. Bí ẹ̀rọ bá ń mú 10 kílówáàtì jáde, tí abúlé sì ń lo 4 lóru, àpótí kan lára ògiri á darí 6 tó kù sínú irin tó ń gbóná, bíi bọ́ílà inú garawa. Bí irin náà bá jó, táábáìnì á sáré kọjá ààlà, tẹlifíṣọ̀n àwọn èèyàn á sì bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́, áyọ́ọ̀nù mẹ́ta péré lè gba 3 kílówáàtì, iná gbogbo abúlé á wá rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi bírékà kékeré sí ilé kọ̀ọ̀kan.

Àìsówó àtúnṣe ń pa irú iṣẹ́ yìí ju omi lọ. Owó iná gbọ́dọ̀ ká owó oṣù aṣọ́ẹ̀rọ, gíríìsì àti bẹ́líìtì, kó sì ṣẹ́kù fún béárìn, ìyẹn irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀. Bí ilé béárìn bá gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dúró lórí rẹ̀, ó ti ń lọ nìyẹn.

Ní Indonéṣíà, àjọ IBEKA ti Tri Mumpuni àti ọkọ rẹ̀, Iskandar Kuntoadji, máa ń kó abúlé jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó máa di owó náà mú. Ewu mìíràn wà: bí iná ìjọba bá dé, tí abúlé ò bá rí ibi ta tiwọn sí, ẹ̀rọ á dìpẹtà. Ní abúlé Cinta Mekar, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Jáfà, ẹ̀rọ 120 kílówáàtì bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná fún PLN, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, ní 2004. Nígbà náà, ẹgbẹ́ abúlé àti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló jọ ni ín dọ́gbadọ́gba. Lára ìpín ẹgbẹ́ ni wọ́n ti san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, tí wọ́n sì fa iná sílé àwọn tí kò lówó.